Èèrà Tí Kò Dé Ọrùn-Ọwọ́

Kí Ọ̀jọ̀gbọ́n Motọ́láyọ̀ Ògúnjìmí tó wọ bàtà láàárọ̀ ọjọ́ náà ni ó ti rẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tí kò sùn, nítorí ó sùn. Kì í sì í ṣe ti àìsàn, nítorí dókítà rẹ̀ ti ní ara rẹ̀ dá ṣáṣá fún obìnrin tí ó ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ó dà bí àárẹ̀ ilé tí ó ń gbé, ilé àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ sẹ́yìn Creek Road ní Apapa nígbà tí ẹ̀yìn Creek Road ṣì jẹ́ àbàtà. Òrùlé ilé náà kò jò, ògiri rẹ̀ kò là, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ rẹ̀ ń rì lọ́dọọdún sínú ẹrẹ̀. Gbogbo ará ilé ni ó mọ̀. Wọn kò kàn sọ ọ́ ni.

Dókítà Obiora ti ń dúró dè é nínú ọkọ̀ lẹ́nu géètì. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ni tẹ́lẹ̀, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ni nísinsìnyí. Ọmọ Ìgbò tí wọ́n bí sí Ajégúnlẹ̀, tí Yorùbá sì yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju ti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ.

“Ẹ káàárọ̀, Mà. Ṣé kò rẹ̀ yín?”

“Kò rẹ̀ mí o. Ṣé àpótí irinṣẹ́ wà nínú ọkọ̀?”

“Ó wà, Mà. Ẹ rántí pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, níbi àpérò àwọn onímọ̀ ní Nàìróbì, àwòrán apá Ìyàndá á hàn lára ògiri, gàgàrà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ẹ sọ fún wọn o, pé Ajégúnlẹ̀ ni apá yẹn ti wá. Kí wọ́n má lọ rò pé bọ́ọ̀lù nìkan la mọ̀ ọ́n gbá.”

Motọ́láyọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi orí ti àga, ó sì di ojú. Apá ọkùnrin kan ṣoṣo yìí ni ọ̀rọ̀ tí yóò sọ ní Nàìróbì dá lé lórí jù lọ.

Iṣan ìmọ̀lára ni ó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́: àwọn okùn tín-ín-rín tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ọwọ́ pé kí ó dìde, tí ọwọ́ náà sì fi ń ké sí ọpọlọ pé iná ń jó òun. Láti kékeré ni ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Nígbà òjò, omi àbàtà a máa wọ ẹ̀yìnkùlé wọn, òun a sì máa fi agolo bu ọmọ àkèré. Ó rí i pé èyí tí ẹja gé nírù jẹ a tún hu ìrù mìíràn, ṣùgbọ́n àkèré tí ó ti dàgbà, bí ó bá pàdánù ẹsẹ̀, ó pàdánù ẹsẹ̀ nìyẹn. Ó bi bàbá rẹ̀ léèrè ìdí. Bàbá rẹ̀ ní kí ó lọ fọ ẹsẹ̀ kí ó tó wọlé.

Ìbéèrè yẹn ni ó gbé e dé ìlú òyìnbó, òun náà ni ó sì gbé e padà wálé. Bí a bá gé okùn iṣan inú ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ àkèré tí ó ṣì ní ìrù, okùn náà a tún so pọ̀, ẹ̀dá kékeré náà a sì tún máa lúwẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti pé mẹ́rin, tí ìrù rẹ̀ sì ti wọlé, a gé e, kò ní so mọ́. Láàárín ìgbà méjèèjì yìí ni ìlẹ̀kùn kan ti sé. Kí ni ọmọdé mọ̀ tí àgbà ti gbàgbé? Motọ́láyọ̀ fi ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n wá ìlẹ̀kùn náà. Iná lọ, ẹ̀rọ dákẹ́, àkèré rẹ̀ kú. Àwọn òṣìṣẹ́ da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ti ọgbà pa, àkèré rẹ̀ kú. Oògùn tí kò gbọdọ̀ kúrò nínú yìnyín yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí kò lè mọ bí “mo tún bẹ̀rẹ̀” ti wúwo tó lẹ́nu ẹni tí ó ti wí i léraléra.

Níkẹyìn ó rí kọ́kọ́rọ́ kékeré kan. Bí dókítà bá ti rán iṣan tí ó já pọ̀, tí a wá fi iná mànàmáná tí kò tó èyí tí í ta ni kàn án fún ìgbà díẹ̀, iṣan àgbà a dà bí ẹni tí ó rántí èwe rẹ̀. A tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù, kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀. Ó rí i bẹ́ẹ̀ lára àkèré. Ó ku ènìyàn.

Ibi tí ẹrù bá ti ń wúwo, apá tí yóò ṣẹ́ kì í wọ́n. Ìyàndá wà lára àwọn tí wọ́n gbà kí ó dán an wò lára wọn. Ọmọ Ìlọrin ni, alágbára tí ń bá wọn já ẹrù ní èbúté Kirikiri Lighter Terminal, kí irin kan tó yọ̀ já bọ́ lé apá ọ̀tún rẹ̀ ní àgbàlá ẹlòmíràn níbi tí ó ti lọ ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́. Eegun jiná. Ṣùgbọ́n iṣan tí ó gba ẹ̀yìn apá kọjá ti já, ọwọ́ náà sì ṣe jọwọlọ láti ọrùn-ọwọ́, bí ewé kókò tí oòrùn pa. Bí ó bá fẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí etí láti wọ ìrun, ti òsì a nà ṣánṣán, ti ọ̀tún a wà ní títẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ a máa wo ilẹ̀. Ohun tí ó dùn ún jù nìyẹn, ju iṣẹ́ lọ. Dókítà Afọlábí, oníṣẹ́-abẹ, rán iṣan náà, Motọ́láyọ̀ fi iná kàn án, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í retí.

Iṣan tí ó ń hù kì í yára. Ṣùgbọ́n bí a bá fi orí ìka kan ibi tí ṣóńṣó rẹ̀ dé, ẹni tí ó ni apá a mọ̀ ọ́n lára bí èèrà tí ń rìn lábẹ́ awọ. Nítorí náà ni Motọ́láyọ̀ ṣe ń wá sí Ajégúnlẹ̀ lóṣooṣù láti wá ibi tí èèrà dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bírò ni ó fi ń sàmì, òógùn a sì fọ̀ ọ́ kúrò. Bàrákátù, ìyàwó Ìyàndá, ẹni tí ó máa ń kun làálì fún àwọn ìyàwó tuntun ládùúgbò, ni ó ní, “Màmá, ẹ fi èyí sílẹ̀ fún mi.” Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi làálì sàmì síbi tí wọ́n bá sọ pé èèrà dé, tí ó sì ń tún un kùn kí ó má baà ṣá. Àmì pupa náà ń sọ̀kalẹ̀ lápá Ìyàndá lóṣooṣù bí ìbú ìka kan, déédéé, bí ẹni tí ń lọ síbi iṣẹ́. Iṣan ọmọ àkèré kankan kò rìn déédéé bẹ́ẹ̀ fún Motọ́láyọ̀ rí. Ó kà á sí oore.

Ohun kan ṣoṣo ni ó ń kọ ọ́ lóminú. Afọlábí ti sọ pé bí iṣan náà kò bá ní dé, òun lè gba okùn ẹran kan níwájú apá, kí òun gbé e lọ sẹ́yìn, kí ọrùn-ọwọ́ lè tún máa dìde. Kò ní rí bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n yóò dìde. “Àmọ́ bí ó bá ń bọ̀,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ ká ní sùúrù. A kì í gbé àlejò jókòó sórí àga tí ẹni tó ni ín ń bọ̀ lọ́nà.” Nítorí èèrà náà ni Ìyàndá ṣe ń retí láti ọjọ́ yìí wá, tí kò tíì gba iṣẹ́-abẹ náà.

Wọ́n dé Ajégúnlẹ̀. Ilé oníyàrá kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ ni Ìyàndá ń gbé, Oghenemaro aránṣọ sì wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rọ rẹ̀.

“Our wife!” ni ó kígbe sínú ilé bí ó ti rí wọn. “Come out o! Your mother-in-law don reach!” Ó yíjú sí Motọ́láyọ̀, ó sì kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Mama. Làálì ọkùnrin yìí ti ju ti gbogbo ìyàwó Ajégúnlẹ̀ lọ.”

“Máa rán aṣọ rẹ lọ jàre,” ni Ìyàndá dá a lóhùn láti inú ilé. “Èmi ni mo ní ẹni tó ń kun mí. Ta ló ń kun ìwọ?”

Ó jáde, ó fi ọwọ́ òsì di ti ọ̀tún mú, ó sì dọ̀bálẹ̀ débi tí apá rẹ̀ gbà á láyè.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ kú ọ̀nà. Ṣé kò rẹ̀ yín?”

“Kò rẹ̀ mí o, Ìyàndá. Ara rẹ ńkọ́?”

“Ara le koko, Màmá. A dúpẹ́.”

Bàrákátù kí wọn, ó gbé àga fún wọn, ó sì ń tọrọ àforíjì kí ẹnikẹ́ni tó bi í léèrè ohunkóhun. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ ni ó gbé e lọ sí Ìlọrin láti ìgbà tí Màmá ti wá gbẹ̀yìn. Àná ni ó dé. Kò rí àmì náà tún kùn, ó sì ti ṣá. Motọ́láyọ̀ wo apá náà. Lóòótọ́, ó mọ́ tónítóní, kò sí ohun tí ó jọ àmì lórí rẹ̀ mọ́.

“Kò ṣe nǹkan kan,” ni ó wí. “Ìyàndá fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tó dé.”

Ó gbé apá náà lé orúnkún rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìgúnpá, ó ń fi orí ìka kàn án díẹ̀díẹ̀ bọ̀ nísàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe.

“Ó dé ibí?”

“Ó dé, Màmá.”

“Ibí ńkọ́?”

“Ó dé dáadáa, Màmá. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.”

“Ibí?”

Ìyàndá wo apá rẹ̀. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan kiri lórí awọ náà bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ sínú koríko. “Ibí gan-an, Màmá,” ni ó wí níkẹyìn. “Ibí ló dúró sí. Èèrà pọ̀ níbẹ̀.”

Àárín apá ìsàlẹ̀ ni. Obiora mú fóònù rẹ̀ jáde, ó wo àwòrán oṣù tí ó kọjá, ó tún wo apá, ó sì fi fóònù náà han Motọ́láyọ̀. Àmì oṣù tí ó kọjá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọrùn-ọwọ́.

“Ìyàndá,” ni Motọ́láyọ̀ wí, “ṣé ó dá ọ lójú?”

“Háà, ìsàlẹ̀ díẹ̀ ni mo fẹ́ wí, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́. Níbí yìí.” Ó sún ìka rẹ̀ wálẹ̀. Ó wo ojú Motọ́láyọ̀, ó sì tún sún un díẹ̀ sí i.

Iṣan tí ó ń hù lè dúró. Ó lè ṣìnà, ó lè kú. Ṣùgbọ́n kì í rìn padà sẹ́yìn, kí ó tún fi ìtìjú sáré síwájú nítorí pé àgbà wo òun lójú. Motọ́láyọ̀ mọ ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó fẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó di apá náà mú bí ẹni tí ń gba ìwúwo rẹ̀.

“Bàrákátù, yá mi ní ìbòrí rẹ.”

Ó fi ìbòrí náà di ojú Ìyàndá. “N kò ní bi ọ́ ní ohunkóhun mọ́,” ni ó wí. “Jókòó jẹ́ẹ́. Nígbà tí èèrà bá rìn nìkan ni kí o sọ pé òun nìyẹn.”

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn-ọwọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ó kàn án, Ìyàndá dákẹ́. Ó gòkè díẹ̀, ó tún kàn án, ó dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà gùn títí tí ó fi dà bí ẹni pé ó ń ti Ìyàndá lójú. Motọ́láyọ̀ gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ pátápátá, ó sì fi ìka lu orúnkún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó lè dún.

“Òun nìyẹn, Màmá,” ni Ìyàndá yára wí.

Bàrákátù fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ó ń gòkè lọ. Ó kọjá àárín apá. Nígbà tí ó dé ìsàlẹ̀ ìgúnpá, tí ó sì kàn án níbẹ̀, apá náà ta gìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Ara Ìyàndá ti dáhùn kí ẹnu rẹ̀ tó rántí àpọ́nlé. Ibẹ̀ ni àmì làálì wà ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn. Èèrà náà kò kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ó tú ìbòrí. Lóde, ẹ̀rọ Oghenemaro ń ké tìtì.

“Ìyàndá!” ni Bàrákátù wí. “Orí irọ́ ni mo ti ń po làálì sí láti ọjọ́ yìí?”

“Kì í ṣe irọ́.”

“Kí ló ń jẹ́ nígbà náà? Kí ni wọ́n ń pè é ní Ìlọrin tí n kò gbọ́ rí?”

Ìyàndá kò wo ìyàwó rẹ̀. Motọ́láyọ̀ ni ó kọjú sí. “Màmá, ẹ̀yin tí ẹ tó bí mi lẹ́ẹ̀mejì, láti Apapa lẹ ti ń wá. Ẹ ó jókòó sórí àga kékeré yìí, ẹ ó mú apá mi dání, ẹ ó wá bi mí pé, ‘Ìyàndá, ṣé ó ti dé ibí?’ Ojú yín á wá rí bí ojú ìyá tó na ọwọ́ méjèèjì sí ọmọ tó fẹ́ kọ́ ìrìn. Ta ló máa wo irú ojú yẹn kó sọ pé rárá? Mo ní yóò ṣáà dé níwájú. Kí ó tó dé, mo ń wo àmì làálì, mo ń sún un síwájú díẹ̀, mo ń bá a sọ pé ó ti dé.”

Motọ́láyọ̀ kò rí ìbínú kankan nínú ara rẹ̀. Ó wá a, kò sí níbẹ̀. Ohun tí ó rí ni ohùn ara rẹ̀: ṣé ó dé ibí, ibí ńkọ́, ara ńkọ́, ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́. Ní ìlú òyìnbó, wọ́n ti kọ́ ọ pé a kì í fi ìdáhùn sínú ìbéèrè, a sì gbọ́dọ̀ di ojú ẹni tí a ń yẹ̀ wò. Ó kọ́ ọ, ó sì ti fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé Ajégúnlẹ̀, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀, kò di ojú ẹnikẹ́ni, kò sì béèrè bí onímọ̀. Ó kí wọn ni. Ìkíni sì ní èsì tirẹ̀ tí gbogbo ọmọ tí a kọ́ ti mọ̀ kí ó tó mọ orúkọ bàbá rẹ̀. Ta ni a kí pé ṣé dáadáa ni, tí ó ní rárá?

Obiora fà á sẹ́yìn díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. “Mà,” ni ó wí pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, “ẹ jẹ́ ká yọ ti Ìyàndá kúrò. Ti àwọn yòókù ṣì wà. Kò dán tó tiẹ̀, àmọ́ ó wà.”

“Èwo nínú àwọn yòókù ni n kò bi bẹ́ẹ̀, Obiora?”

Obiora ti bá a lọ sí ilé gbogbo wọn. Ó gbọ́ bí ó ti ń béèrè, ó sì gbọ́ bí wọ́n ti ń dáhùn. “Ti àkèré ńkọ́?” ni ó béèrè bí ẹni tí ń tọrọ.

“Ti àkèré dúró. Àkèré kò mọ àpọ́nlé.”

“Nàìróbì?”

“Má wulẹ̀ ra aṣọ tuntun.”

Obiora fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó jókòó lé orí àpótí irinṣẹ́ tí wọ́n gbé wá, ó sì tẹjú mọ́ ilẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Motọ́láyọ̀ pé kì í ṣe iṣẹ́ òun nìkan ni ó ṣubú. Obiora lè tún bẹ̀rẹ̀, ó ṣì kéré. Òun ńkọ́? Ó wo inú ara rẹ̀ fún ọ̀rọ̀ yẹn tí ó ti ń wí láti ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n, kò sì rí agbára tí yóò fi gbé e dé ẹnu.

“Màmá.” Bàrákátù ti wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ẹ dákun, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí fún mi. Ṣé iṣan yìí máa dé ọwọ́ rẹ̀?”

Èsì náà wà lórí ahọ́n rẹ̀, ó sì dán: yóò dé, lágbára Ọlọ́run. Ó gbé e mì.

“Kò ní dé,” ni ó wí. “Ọjọ́ ti lọ. Ẹran tí ì bá dé bá ti gbẹ. Ìmọ̀lára ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ kò ní padà mọ́.”

Ìyàndá tẹ orí ba. Motọ́láyọ̀ kò dúró kí ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀; ó pe Dókítà Afọlábí lórí fóònù níbẹ̀, lójú gbogbo wọn, ó sì sọ fún un láìfi nǹkan kan pa mọ́ pé iṣan náà ti dúró lábẹ́ ìgúnpá láti nǹkan bí ọdún kan, àti pé òun ni òun yẹ̀ ẹ́ wò ní àyẹ̀wòkáyẹ̀wò. Afọlábí ní kí wọ́n mú Ìyàndá wá lọ́jọ́ Ajé.

“Yóò gba okùn níwájú apá rẹ lọ sẹ́yìn,” ni Motọ́láyọ̀ sọ fún Ìyàndá. “Ọrùn-ọwọ́ rẹ yóò máa dìde. Kò ní lágbára tó láti fi já ẹrù. Má retí ìyẹn.”

“Bí mo bá fẹ́ wọ ìrun ńkọ́?”

“Yóò dé etí. Yóò nà.”

Ìyàndá gbé ọwọ́ rẹ̀ tí ó kú náà sókè pẹ̀lú èyí tí ó yè, ó wò ó bí ó ti ń fì, ó sì rọra sọ ọ́ kalẹ̀. Bàrákátù wọlé lọ, ó sì gbé abọ́ làálì jáde. Kò mọ̀ bóyá kí òun ṣí i tàbí kí òun má ṣí i.

“Màmá, ṣé kí n ṣì sàmì?”

“Sàmì,” ni Motọ́láyọ̀ wí. “Ibi tó wà gan-an ni kí o fi sí.”

Bàrákátù kun àmì kékeré kan sí ìsàlẹ̀ ìgúnpá ọkọ rẹ̀. Obiora ya àwòrán rẹ̀. Motọ́láyọ̀ sì dìde láti máa lọ. Orúnkún rẹ̀ dún, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Ìyàndá sáré dìde pẹ̀lú rẹ̀.

“Màmá, ẹ má bínú. Ẹ kú wàhálà wa. Ṣé kò rẹ̀ yín?”

Ó ti ya ẹnu láti dá a lóhùn bí ó ti máa ń dá gbogbo ayé lóhùn. Ó wo àmì làálì tí kò tíì gbẹ náà.

“Ó rẹ̀ mí, Ìyàndá,” ni ó wí. “Ó ti rẹ̀ mí tipẹ́.”

Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí a ń sọ tẹ̀lé irú èsì bẹ́ẹ̀. Ìyàndá fi ọwọ́ rẹ̀ tí ó yè fa àga kékeré náà padà wá sẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún.

“Ẹ jókòó, Màmá,” ni ó wí.

Ó jókòó.